Láàárín ìbófinmu àti ìpòfinmọ́: àwọn ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ fi máa ṣàkóso ọjà

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí gbogbo yín.

Ìbéèrè tí ọ̀kan nínú wa gbé kalẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá kò tóbi lójú, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀. Wọ́n gbé ìwé ìlànà kan fún un pé kó túmọ̀ sí Yorùbá, ìwé tó wà fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun tí ènìyàn ń lò lójoojúmọ́, bí aṣọ, bàtà, ọṣẹ, ohun ìṣeré ọmọdé àti ẹ̀rọ inú ilé. Ìwé náà sọ bí wọ́n ṣe lè rí i dájú pé ọjà wọn bá òfin mu, pé kò pa ẹnikẹ́ni lára, àti pé ṣíṣe rẹ̀ kò ba ayé jẹ́ mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́. Ó ní òun pe ọ̀nà tí ọjà ń gbà, láti ibi tí wọ́n ti wa ohun èlò rẹ̀ títí dé ọwọ́ ẹni tó ń lò ó, ní "ẹ̀wọ̀n ìpèsè", òun pe bíbá òfin mu ní "ìtẹ̀lé òfin", àìpa ẹnikẹ́ni lára ní "ààbò", àìba ayé jẹ́ ní "ìdúróṣinṣin", ó sì bi wá bóyá a fọwọ́ sí i. Ẹni mẹ́ta ló ti fọwọ́ sí i. Èmi kò tíì lè fọwọ́ sí i, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ni wọn yóò fi bi òṣìṣẹ́ léèrè, òun ni òṣìṣẹ́ yóò fi dáhùn, ìdáhùn yẹn ni wọn yóò sì kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Òṣùwọ̀n tí mo ń lò kò le. Bí a bá ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ fún iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣàkóso, ó yẹ kí a lè tú u padà sí gbólóhùn. Kí gbólóhùn náà ní olùwà, kí a sì mọ ohun tí a ó fi ojú rí tàbí tí a ó fi ọwọ́ kàn kí a tó lè sọ pé wọ́n ti ṣe é. Èdè wa ṣe wá lóore níbí, nítorí pé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀-orúkọ wa ni a fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ṣẹ̀dá láti ara àpólà ìṣe, tí ẹni tó bá gbọ́ ọ sì lè yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò kó rí ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà níbẹ̀. Nígbà tí a bá ti rí ọ̀rọ̀-ìṣe, a lè béèrè pé ta ló ṣe é. Ọ̀rọ̀ tí kò bá jẹ́ kí a lè béèrè ìbéèrè yẹn, mo fura sí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú "ẹ̀wọ̀n ìpèsè". Ẹ̀wọ̀n ni irin tí a so kọ́ra, ẹ̀wọ̀n náà sì ni ibi tí adájọ́ ń rán arúfin lọ. A kò lè ní kí òǹkàwé gbọ́ ìtumọ̀ kìíní kó má gbọ́ ìkejì, pàápàá nínú ìwé tí orí kan gbáko nínú rẹ̀ dá lórí iṣẹ́ àfipáṣe, èyí tí àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè ti ń tako láti ọdún 1930. Ẹ wo gbólóhùn tó wà nínú ìtumọ̀ akẹgbẹ́ wa: "A kò fàyè gba iṣẹ́ àfipáṣe nínú ẹ̀wọ̀n ìpèsè wa." Ẹni tó bá kà á láìmọ ohun tí a fi Yorùbá pè bẹ́ẹ̀ yóò gbà pé inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ti ń ṣe ọjà náà. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀wọ̀n jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọjà ń tọ̀. Ẹ̀wù kan péré ní òwú, ó ní aró, ó ní bọ́tìnnì, ó ní okùn tí wọ́n fi rán an. Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá yàtọ̀, ọwọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà kọjá yàtọ̀, kí wọ́n tó pàdé lábẹ́ abẹ́rẹ́ aránṣọ.

Ìyá wa tó jẹ́ olùkọ́ èdè dábàá "àtọwọ́dọ́wọ́" dípò rẹ̀, mo sì gbádùn rẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, nítorí pé ó mú kí a rántí ọwọ́ ènìyàn. Ohun tó dí i lọ́wọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe: ìtàn àtọwọ́dọ́wọ́, àṣà àtọwọ́dọ́wọ́, ohun tí ìran kan fi lé òmíràn lọ́wọ́. Mo dábàá "ipa ọ̀nà ọjà". Kò ní ọ̀ṣọ́ kankan lára, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀rọ̀ mìíràn tí a nílò mu, ìyẹn "ìtọpasẹ̀", tí mo máa padà sí. Ohun tó ní ipa ọ̀nà ní ipasẹ̀, ohun tó sì ní ipasẹ̀ ṣeé tọ̀ lẹ́yìn.

Ní ti ẹni tí ọjà dé ọwọ́ rẹ̀ nígbẹ̀yìn, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. "Oníbàárà" kò tọ́, nítorí pé oníbàárà ilé iṣẹ́ aránṣọ ni ilé iṣẹ́ ńlá tó gbé iṣẹ́ fún un, kì í ṣe ẹni tó wọ ẹ̀wù. "Òǹrajà" náà kò tó: ọmọ ọdún méjì kò ra ohun ìṣeré, òun ló sì ń fi í sẹ́nu. "Òǹlò" ni kí a lò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo jù lọ lójú mi ni "ìtẹ̀lé òfin". Ènìyàn ló lè tẹ̀lé òfin. Ọjà kò lè tẹ̀lé e. Àmọ́ ìwé tí akẹgbẹ́ wa ń túmọ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa méjèèjì, nígbà mìíràn nínú ìpínrọ̀ kan náà. Yorùbá ní àpólà ìṣe méjì tó ya wọ́n sọ́tọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. A máa ń sọ pé nǹkan bá òfin mu, a sì máa ń sọ pé ènìyàn pa òfin mọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a má ṣe da ìyàtọ̀ yìí nù nítorí pé èdè tí ìwé náà ti wá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Kí ó jẹ́ "ìbófinmu" fún ọjà, fún ilé, fún ẹ̀rọ àti fún ìwé. Kí ó sì jẹ́ "ìpòfinmọ́" fún ènìyàn àti fún ilé iṣẹ́, kí ẹni tó ń ṣe é sì máa jẹ́ "apòfinmọ́".

Ẹnì kan yóò ní ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ èdè lásán nìyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, iná jó ilé iṣẹ́ aránṣọ kan tó ń jẹ́ Ali Enterprises ní Karachi, ní orílẹ̀-èdè Pakistan, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 250. Irin wà lójú fèrèsé, àwọn ilẹ̀kùn kan sì wà ní títì pa. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú iná náà, ilé iṣẹ́ ọ̀hún ti gba ìwé ẹ̀rí SA8000, èyí tí a ń fún àwọn tó bá ń tọ́jú òṣìṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ìwé ilé iṣẹ́ náà pé. Nínú èdè tí kò ya ìbófinmu ìwé sọ́tọ̀ kúrò lára ìpòfinmọ́ ènìyàn, a lè sọ pé wọ́n "ṣe é", kí á má sì mọ ohun tí wọ́n ṣe. Nínú Yorùbá, ó yẹ kí a lè sọ láìfi ahọ́n kọ pé ìwé wọn bófin mu, ṣùgbọ́n wọn kò pa òfin mọ́.

Oṣù méje lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 2013, ilé alájà mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní Rana Plaza wó ní Savar, lẹ́bàá Dhaka, ní Bangladesh, ó sì pa ènìyàn 1,134. Ògiri rẹ̀ ti sán ní ọjọ́ tó ṣáájú. Báńkì àti àwọn ìsọ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ ti ilẹ̀kùn wọn. Àwọn aránṣọ tó wà lókè ni wọ́n ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn olùyẹ̀wò ti wọ méjì nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó wà nínú ilé náà rí, ṣùgbọ́n agbára ilé kò sí lára ohun tí wọ́n wá wò. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a ṣọ́ ọ̀rọ̀ méjì kan tí ó fara jọra gan-an, "àbẹ̀wò" àti "àyẹ̀wò". Ẹni tó bẹ̀ wá wò wá kí wa, ó jókòó, ó béèrè àlàáfíà, ó sì lọ. Ẹni tó yẹ̀ wá wò ṣí àpótí, ó ti ilẹ̀kùn wò bóyá ó ń ṣí, ó fi ọwọ́ kan ojú ibi tí ògiri ti sán. Nínú ìtumọ̀ tí akẹgbẹ́ wa fi ránṣẹ́, mo rí "àbẹ̀wò ilé iṣẹ́" ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó yí gbogbo rẹ̀ padà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù lórí ìbófinmu. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ tẹ̀lé ni òfin. Òfin kẹ́míkà tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń pè ní REACH, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 2007, òfin ni. Ìjọba ló wà lẹ́yìn rẹ̀. SA8000 kì í ṣe òfin, ìlànà ni, ẹni tó bá wù ú ló ń gbà á. Bí a bá pe méjèèjì ní ìbófinmu, a ti fún ìlànà ní aṣọ tí kì í ṣe tirẹ̀. "Ìbálànàmu" ṣeé pè lẹ́nu, ó sì yé ènìyàn ní gbígbọ́ àkọ́kọ́. Àdéhùn tí àwọn ilé iṣẹ́ aláṣọ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí lórí iná àti ilé ní Bangladesh ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013 kò sí nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì: àdéhùn ni, ṣùgbọ́n ó de àwọn tó fọwọ́ sí i débi pé a lè fi pè wọ́n lẹ́jọ́. Kí a pè é ní àdéhùn, ó tán.

Mo dé orí "ààbò", ohun tí mo sì fẹ́ sọ níbẹ̀ wá láti ọwọ́ ara mi. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pè mí láti wá bá àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan sọ̀rọ̀ lédè Yorùbá nígbà tí àyẹ̀wò ń lọ lọ́wọ́. Ẹlòmíràn ti túmọ̀ ìwé ìbéèrè náà ṣáájú kí n tó dé. Ìbéèrè kan níbẹ̀ kà pé: "Ǹjẹ́ ààbò wà ní ibi iṣẹ́ yín?" Obìnrin kan jókòó níwájú mi, ó fi àkísà wé ìka méjì ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ààbò wà dáadáa, ẹ̀gbọ́n. Ẹni méjì ló ń ṣọ́ géètì lọ́sàn-án, ẹni mẹ́ta lóru." Àyè tí mo ní láti kọ ìdáhùn sí kò ju "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" lọ. Mo bi í pé kí ló ṣe é lọ́wọ́. Ó ní ẹ̀rọ ló gé òun, pé irin tí wọ́n fi bo ẹnu ẹ̀rọ náà ti já kúrò tipẹ́, wọn kò sì tíì dá a padà. Kò purọ́ nínú ìdáhùn méjèèjì. Ìbéèrè wa ni kò dára. Nígbà tí mo sọ fún àwọn tó rán mi, wọ́n ní kí n kọ ohun tó bá ìwé mu.

Ààbò ni ohun tí ẹnì kan ṣe fún ẹlòmíràn: a dáàbò bò ó kúrò lọ́wọ́ olè, ọ̀tá tàbí òjò. Ó ní olùwà, ó dára, a sì lè sọ pé ó jẹ́ ojúṣe ọ̀gá láti dáàbò bo òṣìṣẹ́. Àmọ́ ipò tí ẹ̀rọ tàbí ohun ìṣeré wà kọ́ nìyẹn. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ nípa ẹ̀rọ ni bóyá ó léwu tàbí kò léwu. Nítorí náà mo dábàá "àìléwu" fún ọjà, ẹ̀rọ àti ibi iṣẹ́, kí a sì fi "ààbò" sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe láti dènà ewu. Ẹ̀gbọ́n wa kan ti kọ̀wé pé "àì-" ń mú kí ọ̀rọ̀ dà bí èyí tó kù díẹ̀ káàtó, pé ó yẹ kí ohun rere ní orúkọ tí kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àìsí. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò yẹn, n kò sì gbà á. Àìsí ewu gan-an ni wọ́n ń wọ̀n. Fún ohun ìṣeré ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, àwọn olùyẹ̀wò ní ọpọ́n kékeré kan tí fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ jẹ́ milimítà 31.7, ohunkóhun lára ohun ìṣeré tó bá já, tó sì wọ inú ọpọ́n náà tán láìyọrí, lè há ọmọ lọ́fun, ọjà náà sì ti kùnà nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń wá kì í ṣe ìwà rere kan lára ohun ìṣeré. Ewu ni wọ́n ń wá, wọ́n sì fẹ́ kí ó má sí. Ní ti ìyàtọ̀ láàárín ewu àti bí ewu ṣe lè tètè ṣẹlẹ̀ tó, mo rò pé kí a sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́ yìí, ní àpólà, kí a má wulẹ̀ fi ipá wá ọ̀rọ̀ kan fún un.

"Ìdúróṣinṣin" ni mo takò jù. Ìwà ọmọlúàbí ni a ń fi í pè. Bí ilé iṣẹ́ bá kọ ọ́ sí ara páálí ọjà rẹ̀ pé ọjà òun ní ìdúróṣinṣin, ó ti yin ara rẹ̀ bí ẹni yin olóòótọ́, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀n láti já a nírọ́. "Alálòpẹ́", tí ẹlòmíràn dábàá, wọ̀n ohun mìíràn. Ọ̀rá ike máa ń tọ́jọ́. Ìṣòro tó wà lára rẹ̀ gan-an ni pé ó tọ́jọ́ ju ènìyàn tó lò ó lọ.

Ó ràn mí lọ́wọ́ láti wo bí àwọn mìíràn ṣe rí ọ̀rọ̀ tiwọn. Àwọn ará Jámánì ti ní tiwọn láti ọdún 1713, nígbà tí Hans Carl von Carlowitz, tó ń rí sí iṣẹ́ ìwakùsà ní Saxony, rí i pé igi tí wọ́n fi ń dáná yọ́ irin ń tán lọ nínú igbó. Ó kọ̀wé pé kí wọ́n máa lo igi lọ́nà tí yóò fi máa wà títí, kí wọ́n máa gbìn bí wọ́n ṣe ń gé. Ọwọ́ ẹni tó ń ka igi ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ní ọdún 1987, ìgbìmọ̀ tí Gro Harlem Brundtland darí fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹ̀ ẹ́ lójú: kí àwọn tó wà láyé lónìí tán àìní wọn láìdí àwọn tó ń bọ̀ lọ́wọ́ láti tán tiwọn. Láti ìgbà yẹn ni gbogbo ènìyàn ti ń sọ ọ́, tí àwọn tó ń ka iye ohun tó ṣẹ́kù sì ń dín kù.

Àbá méjì ló wà níwájú wa tó ń gbìyànjú láti mú èyí. Àkọ́kọ́ ni "ìròtọ̀la". Ó dùn létí, ó sì sún mọ́ ohun tí Brundtland sọ, ṣùgbọ́n inú ọkàn ni èrò ń gbé, a kò sì lè yẹ ọkàn wò. Ìkejì ni "àlòṣẹ́kù", láti ara "lò ṣẹ́kù", bí a ṣe ń sọ pé ẹnì kan jẹun ṣẹ́kù. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé a lè kà á: mélòó lo lò, mélòó ló ṣẹ́kù? Ẹni tó bá jẹ irúgbìn rẹ̀ tán, gbogbo ayé ni yóò rí oko rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn tó takò ó ní ó jọ "àlòkù", pé aṣọ tí ẹlòmíràn ti wọ̀ ni ọkàn òǹkàwé yóò lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n àfòmọ́ ló fà á, kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe náà. Nínú "àlòkù" àti "àjẹkù", "à-" ń tọ́ka sí ohun tí ìṣe fi sílẹ̀. Bí a bá fi "ì-" rọ́pò rẹ̀, ìṣe náà gan-an ni a dárúkọ: "ìlòṣẹ́kù". Èyí ni mo fọwọ́ sí. Kò kan gbogbo ohun tí wọ́n ń kó sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà lónìí. Epo rọ̀bì àti irin kì í hù padà, ohun tí a sì lè ṣe níbẹ̀ ni kí a dín lílò wọn kù tàbí kí a máa tún wọn lò, owó oṣù òṣìṣẹ́ náà kò sì sí nínú rẹ̀. Mo gbà. Kí ìwé náà dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tóóró tó mọ ibi tí òun dé wúlò fún mi ju èyí tó gbòòrò débi pé ẹnikẹ́ni lè sá sábẹ́ rẹ̀.

"Ìtọpasẹ̀" àti "ìkópadà" kò ní ìjà púpọ̀ nínú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2007, ilé iṣẹ́ Mattel kó ohun ìṣeré ọmọdé rẹpẹtẹ padà nítorí òjé tó wà nínú ọ̀dà tí wọ́n fi kùn wọ́n. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Amẹ́ríkà ṣe òfin tó sọ òjé inú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ di èyí tí kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 90 nínú mílíọ̀nù kan lọ, tó sì ní kí ohun ọmọdé máa ní àmì tí a lè fi mọ ibi àti ìgbà tí wọ́n ṣe é. "Àmì ìtọpasẹ̀" nìyẹn, n kò sì rò pé a tún nílò àlàyé. Mo yan "ìkópadà" ju "ìpèpadà" lọ nítorí pé ìkéde lásán kọ́ ni iṣẹ́ náà. Kò tíì parí títí ọjà yóò fi kúrò lọ́wọ́ òǹlò.

Ọ̀kan ṣoṣo ni n kò tíì rí ojútùú rẹ̀. Jámánì ní òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2023, tó fi dandan lé e pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa wá ewu tó wà ní ipa ọ̀nà ọjà wọn, kí wọ́n dènà rẹ̀, kí wọ́n sì tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Akẹgbẹ́ wa pe iṣẹ́ yìí ní "ìtọpinpin". Ìtọpinpin mú wíwá nìkan. Ẹni tó tọpinpin tó sì rí ògiri tó sán, tó wá padà sílé, ti tọpinpin tán. Ìyá wa, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó bá wa wò ó, nítorí pé ẹ mọ bí a ṣe ń so ọ̀rọ̀-ìṣe púpọ̀ pọ̀ di ọ̀kan láìjẹ́ kó wúwo lẹ́nu.

Ní báyìí ná, báyìí ni èmi yóò ṣe kọ gbólóhùn tí ìwé akẹgbẹ́ wa fi bẹ̀rẹ̀: "Ilé iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ọwọ́ tí ọjà rẹ̀ gbà kọjá, ó gbọ́dọ̀ pa òfin mọ́, kí ọjà rẹ̀ sì bófin mu, ó gbọ́dọ̀ rí i pé ẹ̀rọ àti ọjà kò léwu fún ẹni tó ń ṣe é àti ẹni tó ń lò ó, bí ó bá sì mú nǹkan láti inú ayé, kí ó lò ó ṣẹ́kù." Mo bẹ akẹgbẹ́ wa kí ó kà á fún ẹnì kan tó ń dúró ti ẹ̀rọ lójoojúmọ́, kí ó ní kí onítọ̀hún fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ, kí ó sì kọ ohun tí ó bá gbọ́ ránṣẹ́ sí wa.